Ṣé o mọ̀? Gémù inú àwo àti gémù orí íntánẹ́ẹ̀tì, láti Mówè dé Ìfọ̀

Ṣé o mọ̀ pé gémù kan ṣoṣo lè gba 150 GB lórí kọ̀ǹpútà rẹ? Red Dead Redemption 2 ni. Oṣù kọkànlá ọdún 2019 ló dé orí kọ̀ǹpútà.

Dúró ná, jẹ́ n fi bí 150 GB ṣe tóbi tó hàn ọ́. O rántí flọ́pì, àbí? Nǹkan pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí wọ́n ń kì bọnú kọ̀ǹpútà láyé ọjọ́un. MB 1.44 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Kí gémù yìí tó wọ inú flọ́pì tán, wàá ra flọ́pì tó lé ní 104,000.

Flọ́pì kan nípọn tó mìlímítà 3.3. Tò wọ́n léra. Máa tò ó lọ. Yóò ga ju mítà 340. Cocoa House n'Ìbàdàn, pẹ̀lú gbogbo àjà rẹ̀ 26, mítà 105 ni. Gbé Cocoa House mẹ́ta gun ara wọn léjìká, flọ́pì rẹ á ṣì máa yọjú lókè. Gémù kan ṣoṣo o!

Sídì wá ńkọ́? Sídì kan ń gba MB 700. Sídì 215 ni wàá rà. DVD? 4.7 GB lọ́kọ̀ọ̀kan, 32 ni. Àpò Ghana-must-go ni wàá fi rù ú láti Computer Village n'Ìkẹjà dé Mówè.

Má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ bọ̀. Nígbà tí Grand Theft Auto V jáde fún kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹrin ọdún 2015, DVD 7 ló wà nínú páálí kan. Microsoft Flight Simulator ti ọdún 2020 tún lé e kọjá: DVD 10! O ń kì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ki igi bọ iná.

Gbogbo ayé ló sì wà nínú gémù ọkọ̀ òfuurufú yẹn. Gbogbo ayé pátá. O lè fò gba orí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí o bojú wo Ìbàfò nísàlẹ̀, kí o kọjá Mówè láìsí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kankan. (Ìyẹn nìkan tó owó gémù.) Ṣùgbọ́n gbọ́: àwòrán ilẹ̀ tó já gaara kò sí nínú àwo 10 yẹn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá bí o ṣe ń fò lọ. O ra páálí, Mówè ò sí nínú páálí.

Ó tún kù o. Metal Gear Solid V, ọdún 2015. Àwọn èèyàn ra páálí, wọ́n já ọ̀rá ara ẹ̀, wọ́n ki àwo bọ kọ̀ǹpútà. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Nǹkan tí kò tó MB 10. Steam lásán ni, kí wọ́n fi lọ dáúnlóòdù gémù fúnra wọn. Ìgò ni wọ́n rà, wọn ò bá epo nínú ẹ̀.

Àní, láti ọdún 2004 ló ti bẹ̀rẹ̀. Half-Life 2 wà nínú àwo, o san owó àwo, síbẹ̀ kò ní ṣí àfi tí kọ̀ǹpútà rẹ bá kọ́kọ́ lọ kí Steam lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ta ni Steam ọ̀hún? Ọjà gémù kọ̀ǹpútà tó tóbi jù láyé. Ilé-iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà ló ṣí i, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Lọ́dún 2024 nìkan, gémù tuntun tó lé ní 18,000 ló wọ ọjà náà. Pín in sí ọjọ́ wò: nǹkan bí 50 lójúmọ́! Kí o tó sùn lónìí, wọ́n á ti kó àádọ́ta mìíràn dé.

Lóṣù kẹta ọdún 2025, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 40 wà nínú ọjà yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjà wo lo rí bẹ́ẹ̀ rí?

Owó ńkọ́? Dọ́là ni Steam fi ń tajà fún wa, kì í ṣe náírà. Gémù ńlá tuntun sábà máa ń jẹ́ dọ́là 60 tàbí 70. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ní báńkì kò ju nǹkan bíi náírà 460 lọ. Dọ́là 60 jẹ́ náírà 27,600. Ó ṣeé gbọ́ sétí. Láàárín oṣù yẹn náà ni wọ́n tú okùn lọ́rùn náírà, tí iye ẹ̀ sì já wálẹ̀.

Wá fi náírà 1,500 ṣírò dọ́là kan. Náírà 90,000! Owó oṣù tó kéré jù tí Ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí lọ́dún 2024, náírà 77,000 ni. Òṣìṣẹ́ á ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko, á kó gbogbo owó ẹ̀ sílẹ̀, á sì tún jẹ gbèsè náírà 13,000 lórí gémù kan. Kò tí ì jẹun o. Kò tí ì wọ mọ́tò dé Berger.

Ọjà mìíràn tún wà tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́! Epic Games Store ṣí lóṣù kejìlá ọdún 2018, ó sì ń pín gémù ọ̀fẹ́. Lóṣù karùn-ún ọdún 2020, Grand Theft Auto V ni wọ́n pín, oní-àwo 7 yẹn gan-an. Èrò ya débi pé ṣọ́ọ̀bù náà dákú fún wákàtí bíi mélòó kan. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ilẹ̀kùn ni èrò fọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀.

Ọ̀fẹ́ yẹn kì í kúkú ṣe ọ̀fẹ́ tó bá dé Mówè. Dátà dà? Ká ní íntánẹ́ẹ̀tì rẹ ń sáré ní megabit 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kò sì já. 150 GB á gbà ọ́ ní wákàtí 33.

Bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí mọ́tò àwọn tó ń lọ Holy Ghost Service ní Redemption City bá ti to lọ bẹẹrẹbẹ. Wọ́n á kọrin. Wọ́n á gbàdúrà mọ́jú. Wọ́n á padà sílé, wọ́n á sùn, wọ́n á jí, wọ́n á fọṣọ Sátidé. Gémù rẹ ṣì ń bọ̀. Aago mẹ́ta òru mọ́jú ọjọ́ Àìkú ló máa tó parí. Tí wọn ò bá mú iná lọ o!

Àti pé lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fóònù di bíríkì lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó ní àwo nílé lọ́jọ́ yẹn, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ lọ ní tiẹ̀.

O ní o fẹ́ àwo, àbí? Ó dáa. Ibo lo fẹ́ kì í bọ̀? Láti oṣù kìíní ọdún 2008 tí Apple ti gbé MacBook Air jáde láìní ojú àwo, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. HP EliteBook 840, tòkunbọ̀ tí wọ́n tò sórí tábìlì káàkiri, yẹ ìhà ẹ̀ wò. Yí i po. Kò sí ojú àwo kankan lára ẹ̀!

Èmi tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti ra DVD bọ́ọ̀lù rí lọ́jà kan tí mi ò ní dárúkọ. Fọ́tò agbábọ́ọ̀lù wà lára ẹ̀, ó ń dán yinrinyinrin. Mo délé, mo kì í bọ̀ ọ́. Fíìmù ló bẹ̀rẹ̀. Babaláwo ń da obì lójú mi! Mo jókòó, mo wò ó tán. Fíìmù yẹn dùn.

Wá wo ohun tí àwọn ọmọ Ìbàfò ń ṣe ní tiwọn. Bọ̀bọ́ kan á jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù fóònù, á tú háàdì-dísíìkì jáde látinú áńkáṣíìfù, bí ẹni ń tú ẹyin. Ó ti fi téèpù wé ara okùn ẹ̀ torí ó ti ń já. Á so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù rẹ. Ìlà àwọ̀ ewé á máa rìn lójú kọ̀ǹpútà, jẹ́jẹ́, ẹ óò jọ máa wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò ìrẹsì. Ogójì GB. Ìlà náà dúró. Ó gbọn okùn díẹ̀. Ó tún gbéra. Kò sí àwo, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ṣe gémù kì í sì í rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, ìyẹn ò dùn mọ́ mi nínú.

Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé ẹlẹ́mu ti bẹ àwọn èèyàn rí pé kí wọ́n máa mu ẹmu ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Doom! Oṣù kejìlá ọdún 1993. Àwọn tó ṣe é fi ìpín kìíní sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní ẹ kọ́pì í, ẹ fún ọ̀rẹ́ yín. Tó bá wọ̀ ọ́ lára, wàá wá ra ìyókù.

Èyí ga ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 1983, ní Belgrade, rédíò ni wọ́n fi ń pín gémù. Rédíò! Ventilator 202 lorúkọ ètò náà. Olóòtú á ní kí ẹ tẹ kásẹ́ẹ̀tì yín sílẹ̀. Rédíò á wá bẹ̀rẹ̀: krrrr, ṣììì, wííí. Ariwo yẹn gan-an ni gémù! O gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, o so kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà, eré yá. Rò ó wò kí OGBC l'Abẹ́òkúta máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa lẹ́yìn ìròyìn. Ṣé gémù inú àwo nìyẹn àbí ti orí afẹ́fẹ́? Dá mi lóhùn!

Ó yá, ta ló ni gémù tí o rà? Jókòó dáadáa.

Ilé-iṣẹ́ Ubisoft pa àwọn kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé gémù ọkọ̀ The Crew ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024. Ẹni tó rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tiẹ̀ kú. Ẹni tó ní àwo, àwo ń dán, tiẹ̀ náà kú.

Láti oṣù kìíní ọdún 2025, òfin California ní kí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì máa jẹ́wọ́ kí o tó sanwó: àṣẹ láti ṣeré lo rà, kì í ṣe gémù.

O ò tiẹ̀ lè fi gémù Steam sílẹ̀ bí ogún fọ́mọ! Àwọn Steam ti sọ ọ́ lọ́dún 2024 pé ìwé ìhágún kò lè gbé àkáǹtì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ilẹ̀ Ìfọ̀ ṣeé jogún, páálí DVD ṣeé jogún, gémù 300 tó wà ní Steam kò ṣeé jogún.

Àwọn olùwádìí sì ka gémù àtijọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010. Nínú 100, 87 ni kò sí lọ́jà mọ́. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún!

GOG yàtọ̀ pátápátá. Pólàǹdì ni wọ́n ti ń ta tiwọn láti ọdún 2008. O ra gémù, o dáúnlóòdù ẹ̀, o kó o sí fíláàṣì, ó parí. Kò ní bi ọ́ léèrè mọ́ láé. Àwọn tó dá a sílẹ̀, gémù inú sídì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òwò ní Warsaw. Tèmi ni kí n sọ bí? Bí gémù kan bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni mò ń kọ́kọ́ yà.

Ó ṣẹ́ kù ẹyọ kan. Láti ọdún 2023, kọ̀ǹpútà méjì tó wà nínú ilé kan náà lè gba gémù lọ́wọ́ ara wọn nínú Steam. Ìwọ dáúnlóòdù, àbúrò rẹ bu tiẹ̀. Ìwọ̀nba dátà díẹ̀ ni yóò bá a lọ.

A dán an wò n'Ìfọ̀, láptọ́ọ̀pù méjì lórí tábìlì oúnjẹ, wáyà kan láàárín wọn. GB tó lé ní 60. Àbúrò mi ò gbà gbọ́. Ó ṣí fóònù, ó wo ìyókù dátà ẹ̀. Ó tún wò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì yọ ọ́." Kí ìrẹsì tó jinná, gémù ti ṣí.