Kọ́bọ́ọ̀dù Oúnjẹ: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Kí Eku Má Baà Fi Ṣe Ilé

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kó irè oko pamọ́ sínú àká. Lónìí, inú ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ wa wà, nídìí kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó gàrí, èlùbọ́, ẹ̀wà àti iyọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ náà kan bàálé, ó kan ìyálé, nítorí ẹni tó ń kan ìṣó mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹni tó ń nù ún kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà.

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, tí a sì ti sun igbó, eku a máa wá oúnjẹ wọ inú ilé. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ. Òun ni ó ń gbé kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ibà Lassa kiri. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni a ti kọ́kọ́ dá àìsàn yìí mọ̀ ní ọdún 1969, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè Ọya nìkan ni. Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn ibi tí ó ti ń pọ̀ jù ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni kòkòrò náà wà. Eku tó ń gbé e kiri kì í ṣàìsàn, nítorí náà ẹ kò lè fi ojú dá a mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo gàrí dáadáa. Ẹ̀wà yóò hó lórí iná, iná yóò sì pa kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀. (Èyí kò ní kí ẹ se ẹ̀wà tí eku ti tọ̀ sí o, ọwọ́ tó ń ṣà á ti fara kan àìsàn kí ó tó dé orí iná.) Gàrí ńkọ́? Omi tútù ni ọ̀pọ̀ wa fi ń mu ún. Láti inú kọ́bọ́ọ̀dù títí dé ẹnu, iná kò tún kàn án mọ́. Bí ó bá jẹ́ agolo kan péré tó ní ọmọrí líle ni ẹ ní nínú ilé, gàrí ni kí ẹ dà sí i. Ọ̀rá lásán kò tó, eku yóò jẹ ẹ́ lu.

Nígbà tí a bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí a bá ìgbẹ́ eku níbẹ̀, ìgbálẹ̀ ni ọwọ́ wa máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ má ṣe gbá a ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ yóò gbéra, ẹ ó sì fà á símú. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bí kò bá sí, ẹ so ọ̀rá mọ́ ọwọ́. Ẹ wọn Jíìkì ife 1, ẹ pò ó mọ́ omi ife 9. Ọjọ́ tí ẹ ó lò ó gan-an ni kí ẹ pò ó, ẹ má sì ṣe fi oògùn ìfọlé mìíràn kún un. Ẹ rọra dà á sí orí ìgbẹ́ náà títí yóò fi rin, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó fi àkísà kó o. Ẹ sun àkísà náà, tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi ọṣẹ fọ gbogbo inú rẹ̀, ẹ ó sì fi omi mímọ́ ṣàn án, nítorí Jíìkì máa ń jẹ ìṣó àti irin tó gbé ilẹ̀kùn ró. Oúnjẹ tí eku ti fẹnu kàn, ẹ dà á nù. Kì í ṣe ohun tí a ń tà fún ẹlòmíràn.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ẹ má ṣe gbé e sínú oòrùn gangan. Pákó yóò ká, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé mọ́, eku ti rí ọ̀nà nìyẹn.

Ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri kí ẹ lè máa rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò tí ọmọ-ìka yín lè wọ̀, eku kékeré lè gbà á kọjá. Páànù tàbí agolo tí a là ni kí ẹ kàn dí i, kì í ṣe àkísà tàbí bébà. Bí ó bá jẹ́ onínẹ́ẹ̀tì, ẹ lo nẹ́ẹ̀tì onírin. Àwọn ìyá wa máa ń gbé ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù sínú agolo omi tí a kán kẹrosíìnì sí. Ó dára púpọ̀ fún èèrà àti ikán, àmọ́ kò dí eku lọ́wọ́.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti àwọn tó ń fọ́n ọ̀tápíapíá sínú kọ́bọ́ọ̀dù nítorí aáyán àti eku. Pákó a máa fa oògùn mu, òórùn rẹ̀ a sì máa wọ inú oúnjẹ. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de títà ìgò kéékèèké oògùn dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ ń lò báyìí nínú ilé. Tàkúté tàbí ológbò sàn jù. Oògùn kòkó yín pẹ̀lú, ẹ ko ó kúrò nínú ilé ìdáná pátápátá, ẹ tì í mọ́ inú àpótí, ẹ má sì ṣe rọ epo pupa sínú ìgò rẹ̀ tó ti ṣófo.

Bí ibà ilé yín kò bá gbọ́ oògùn ibà, tí ọ̀fun ń dunni, tí èébì sì tẹ̀ lé e, ẹ tètè gba ilé ìwòsàn lọ. Ìtọ́jú ibà Lassa máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì, láìdúró kí ó bi yín, pé eku wà nínú ilé ìdáná yín.