Àgbọ̀n Wíwú Lára Ọmọdé

Ẹnu ni oúnjẹ ń gbà wọ inú, ẹnu náà ni ọ̀rọ̀ ń gbà jáde. Nítorí náà, àrùn tí ó bá bá ẹnu jà, gbogbo ara ni ó bá jà.

Bí àgbọ̀n ọmọdé bá wú ní ilẹ̀ Òkun, ìbáà ṣe ní Kàbà, ní Bùnú, ní Ìjùmú tàbí ní Yàgbà, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ìyá rẹ̀ ni pé eyín ni ó ń dà á láàmú. Nígbà púpọ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n wíwú kan wà tí kì í ṣe ti eyín. Àrùn jẹjẹrẹ ni, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 ni ó sì sábà máa ń mú. Eyín a máa mì nínú erìgì, ojú a máa yọ síta, àgbọ̀n a sì wú débi pé ọmọ kò ní lè pa ẹnu dé.

Ní ọdún 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní ìlú Kampala, ní ilẹ̀ Ùgáńdà, wọ́n pe oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ Denis Burkitt wá wo ọmọdékùnrin ọlọ́dún 5 kan tí àgbọ̀n rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì. Kò pẹ́, ó tún rí irú rẹ̀ ní ìlú Jinja. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 1958 ó kọ ohun tí ó rí sínú ìwé. Ní ọdún 1961, òun àti àwọn dókítà méjì wọ ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n rin nǹkan bí 10,000 máìlì dé Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń wádìí àrùn náà láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn.

Wọ́n rí i pé ibi tí ilẹ̀ bá ti ga púpọ̀, tàbí tí òjò kò tó, àrùn náà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ibi tí ó móoru tí òjò sì pọ̀, tí ẹ̀fọn ti ń tan ibà, ibẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀. Òótọ́ ni pé òkè pọ̀ ní ilẹ̀ Òkun, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ga tó láti lé ẹ̀fọn sẹ́yìn.

Ní ọdún 1964, Anthony Epstein, Bert Achong àti Yvonne Barr kéde ní Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú kókó náà. Itọ́ ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń bá rìn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ní in lára. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ibi. Ṣùgbọ́n bí ibà bá ń mú ọmọdé lemọ́lemọ́, ara rẹ̀ lè má lè kó o ní ìjánu mọ́. Ẹ̀jẹ̀ funfun tí fáírọ́ọ̀sì náà fi ṣe ilé lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìníwọ̀n. Síbẹ̀, kókó náà kì í ràn láti ara ọmọ kan sí òmíràn.

Ìbàdàn náà kò gbẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1960, àrùn yìí ni jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọdé níbẹ̀. Victor Anomah Ngu, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tí wọ́n fi hàn pé oògùn lè yọ́ kókó náà láìjẹ́ pé a gé àgbọ̀n ọmọ kúrò. Ní ọdún 1972, wọ́n fi ẹ̀bùn Lasker ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá òun àti Burkitt àti àwọn mìíràn lọ́lá.

Oògùn wà, ṣùgbọ́n ìdádúró ni ọ̀tá. Kókó yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí òbí bá lo ọ̀sẹ̀ kan nídìí àgbo, tí ó lo òmíràn nídìí yíyọ eyín, tí ó sì lo ẹ̀kẹta láti wá owó ọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, àrùn náà ti lè wọ inú ikùn tàbí ọpọlọ. Ọmọ tí ó yẹ kí ó yè a sì ṣòfò.

Nítorí náà, kí àwọn òbí jẹ́ kí ọmọ máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí àgbọ̀n ọmọ bá sì wú, tí ó ń le sí i lójoojúmọ́, kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.