Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Tí Kò Fẹ́ Amọ̀nà

Ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyá sì ti ń bi wá léèrè ohun tí Ẹgbẹ́ yóò fi àwọn ọmọ ṣe lọ́dún yìí. Àwọn kan ní kí a kó wọn lọ wo ẹranko ní Kainji. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa irú ọ̀nà kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń là sínú ọgbà ìgbafẹ́ wọn, pàápàá lẹ́bàá adágún, nítorí ó bá ọ̀ràn wa mu ju bí ènìyàn ti lè rò lọ.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni. Kì í gùn, òmíràn kò tó máìlì kan, ibi tí ènìyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ náà ni yóò padà já sí. Ẹnikẹ́ni kì í ṣáájú àlejò lọ. Wọ́n ri èèkàn mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n kọ nọ́ńbà sára wọn, 1, 2, 3, títí dé bí 15 tàbí 20. Lẹ́nu ọ̀nà, àpótí kékeré kan wà tí ìwé pélébé kún inú rẹ̀. Ẹ ó mú ọ̀kan, ẹ ó máa rìn. Bí ẹ bá dé èèkàn 4, ẹ ó ka ohun tí ìwé wí nípa 4: igi wo nìyí, kí ló dé tí èèpo rẹ̀ fi nípọn tó báyìí, ẹyẹ wo ni ń jẹ èso rẹ̀. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ lè dá ìwé padà sínú àpótí fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Níbòmíràn, wọn kì í lo ìwé, ara pátákó ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ti ìwé ni ó wù wá jù, nítorí ohun tí ènìyàn ń rí ní ìgbà òjò kọ́ ni yóò rí ní ìgbà ọyẹ́. Ìwé ṣeé pààrọ̀; èèkàn yóò dúró sí ipò rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Frank Lutz, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ní American Museum of Natural History ní New York, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dá irú ọ̀nà yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1925, nínú igbó kan nítòsí Tuxedo, ó là á ní oríṣi méjì. Èkínní ń kọ́ni: àkọlé wà lára ohun gbogbo. Èkejì ń dánni wò: ìbéèrè ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹni tí ó ti gba ti àkọ́kọ́ kọjá ni yóò dáhùn. Ẹ wo ọgbọ́n! Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí àkọlé náà dà bí ọ̀rẹ́ tí ó mọ nǹkan díẹ̀ nípa igbó, tí ó ń bá ènìyàn rìn, tí ó ń sọ pé, “Wo èyí.” Kò fẹ́ kí ó dà bí tíṣà tí ó mú pàṣán lọ́wọ́.

Ní ọdún 1927 wọ́n ṣí irú rẹ̀ ní Bear Mountain, lẹ́bàá odò Hudson àti adágún Hessian, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ọ̀nà gígùn kan tún gba ibẹ̀ kọjá, Appalachian Trail, tí ó ju 3,500 kìlómítà lọ. Apá rẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní 1923, ẹ̀gbẹ́ Bear Mountain yìí náà ni. Ọkùnrin alágbára ni yóò rin ìyẹn tán. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà àti ìyá rẹ̀ àgbà lè jọ rin ti kúkúrú, kí wọ́n sì padà dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Etí omi dára fún irú ọ̀nà yìí nítorí ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni ó wà láàárín igi tí ó fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ àti koríko tí ń gbé inú ẹrẹ̀, àwọn èèkàn kò sì ní jìnnà síra. Ẹrẹ̀ náà ló sì ń da iṣẹ́ rú. Bí ibì kan bá ń yọ̀, àwọn ènìyàn yóò yà sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà yóò máa fẹ̀, wọn yóò sì máa tẹ gbòǹgbò igi mọ́lẹ̀ títí igi yóò fi kú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ́ pákó síbẹ̀.

Wàyí o, Kainji. Adágún ńlá ni, láti ìgbà tí wọ́n parí ìdídò Odò Ọya ní 1968, tí omi bo Bussa àtijọ́, tí àwọn ará ibẹ̀ sì kó lọ sí New Bussa, níbi tí àwọn ènìyàn wa wà lónìí. Ṣùgbọ́n erinmi wà níbẹ̀, àwọn ẹranko búburú mìíràn sì wà. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń wò wọ́n, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ igbó. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn agbébọn tún ti fi igbó náà ṣe ibùba. Ìdáhùn wa ni pé rárá. A kò ní kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀ nísinsìnyí.

Kí àwọn ọmọ má ṣe rò pé a fi nǹkan dù wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Lutz yìí kan náà wá kòkòrò inú ọgbà ilé ara rẹ̀, ó sì ka oríṣi 1,402. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1941. Ọgbà ilé lásán!

Ohun tí ó ń dùn wá gan-an nìyí. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a bí sí Òkè Ọya níhìn-ín pé, “Igi wo nìyẹn?” Yóò dáhùn kíá pé kuka ni. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ àgbà bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tí ó ń pa àlọ́ igi osè fún un, ọmọ náà kò mọ̀ pé igi tí ó wà níwájú ilé-ìwé òun ni ìyá ń wí. Ó mọ tsamiya, kò mọ àjàgbọn. Ó mọ rimi, kò mọ àràbà. Ó mọ dorawa, ó sì ń jẹ irú lójoojúmọ́, kò mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n. Àwọn àgbà wa pàápàá ń fi àyìn rin ẹnu láràárọ̀, wọ́n sì ń kọjá lára marke láìmọ̀ pé òun ni orin ẹnu wọn. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbàgbé kuka. Èdè àwọn tí ó gbà wá sílé ni, ó sì yẹ kí ọmọ wa gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí orúkọ méjèèjì wà lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ pinnu láti la ọ̀nà tiwa nínú ọgbà gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́. Òótọ́ ni pé a kò ní adágún, àfi kòtò tí òjò ń kún lẹ́yìn ilé ìdáná, ṣùgbọ́n àkèré kò kọ ibẹ̀. A ka igi mẹ́rìnlá. Èèkàn mẹ́rìnlá ni a óò rì, àwọn káfíńtà wa yóò sì gbẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. A kò ní kan ìṣó mọ́ igi kankan. Nínú ìwé, orúkọ Yorùbá àti ti Hausa yóò wà, pẹ̀lú ìlò igi náà ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Fún dóńgóyárò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a óò kọ, nítorí àwa náà kò ní òmíràn tí a ń pè é. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìsinmi yóò parí, a óò gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ, a óò sì ní kí wọ́n rin ọ̀nà náà pẹ̀lú àgbà kan láti ilé wọn, kí ọmọ máa dárúkọ, kí àgbà máa gbọ́.

Ẹni tí ó bá mọ orúkọ igi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí ó sọ fún akọ̀wé kí ó tó di ìpàdé tí ń bọ̀. Títí di ìsinsìnyí, orúkọ méjì ni a ti gbà: ìyá kan láti Ìbàdàn mú ọ̀kan wá, bàbá kan láti Ìlọrin mú èkejì, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jiyàn láti ọjọ́ Àìkú. A óò kọ méjèèjì.