Òótọ́ àti Irọ́: 'Run' Kì Í Ṣe Sáré Nìkan

Irọ́: Ẹni tó bá ti mọ̀ pé 'run' ni sáré ti mọ̀ ọ́n tán.

Òótọ́: Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan mú iṣẹ́ àmúrelé wá bá mi. Wọ́n ní kó túmọ̀ 'My nose is running'. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ gàdàgbà: "Imú mi ń sáré." Ọmọ náà ò gọ̀ rárá, ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ ọ ló lò. Mo bi í léèrè ohun tó máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ bí òtútù bá mú un. Kíá ló dáhùn: "Ikun ń dà nímú mi."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ń ṣe 'run' là á kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ omi ni, ó ń ṣàn. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, olóṣèlú ń du ipò, ọkọ̀ ń ná Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, aró àdìrẹ tuntun ràn mọ́ aṣọ funfun tí a fọ̀ pọ̀ mọ́ ọn. 'Run' kan náà ni Òyìnbó fi ń sọ gbogbo rẹ̀.

Irọ́: 'Set' ni ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Òótọ́: Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Nínú ẹ̀dà kejì ìwé atúmọ̀ èdè Oxford English Dictionary, tó jáde ní 1989, 'set' ló gba àyè jù lọ. Nígbà tó yá, Peter Gilliver, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìwé náà, jókòó ti 'run' fún oṣù mẹ́sàn-án, ó sì ka ìtumọ̀ 645 fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Ẹ̀rọ wà lára ohun tó mú kí ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: láti orí ọkọ̀ ojú irin dé orí kọ̀ǹpútà, 'run' ni wọ́n ń lò.

Irọ́: Ọ̀rọ̀ tó jọra ṣeé fi rọ́pò ara wọn níbikíbi.

Òótọ́: Rárá. 'Manage' lè rọ́pò 'run' nídìí ṣọ́ọ̀bù, 'flow' lè rọ́pò rẹ̀ nínú odò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọ̀kan sí àyè èkejì.

Irọ́: Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ púpọ̀ bíi 'run'.

Òótọ́: Èyí ló dùn mí jù. Ẹ wo 'jẹ'. A ń jẹ iyán, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ ìyà, a ń jẹ ogún, ẹlòmíràn ń jẹ tẹ́tẹ́. Ọba sì jẹ oyè láìfi ẹnu kan nǹkan kan.