Ibi Tí Wọ́n Ti Gé Ọ̀rọ̀: Nígbà Tí Aṣáájú Ẹ̀sìn Bá Sọ̀rọ̀ Òṣèlú

Kò sí ọmọ ilé kéwú tí kò mọ Sūratul Mā'ūn sórí. Àyah méje péré ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ké e bá dánu dúró ní ìparí àyah kẹrin, tó sì dìde lọ, ohun tí ẹni tí kò mọ̀ yóò gbọ́ ni pé Ọlọ́hun ṣe ìlérí ìyà fún àwọn tó ń kírun. Àyah karùn-ún ló sọ irú onírun tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí: àwọn tí kò ka ìrun wọn sí. Kẹfà sì fi kún un pé ṣekárími ni wọ́n ń ṣe. Àwọn aáfàá tó kọ́ wa máa ń kì wá nílọ̀ pé ẹni tó bá dúró síbẹ̀ tó sì lọ, ó ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ láì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un.

Àwa tí a kọ́ kéwú kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn, ẹ̀kọ́ yìí ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú láti ẹnu aṣáájú ẹ̀sìn tàbí gbajúmọ̀ kan bá ń jà rànyìn lórí fóònù. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn kò parọ́ mọ́ ẹni náà. Gígé ni wọ́n gé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Bíṣọ́ọ̀bù Matthew Hassan Kukah, olórí ìjọ Kátólíìkì ní Sókótó. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2020, ó gbé ọ̀rọ̀ gígùn kan jáde lórí ipò tí Nàìjíríà wà. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé ká ní ààrẹ tí kì í ṣe Mùsùlùmí láti Òkè Ọya ló ṣe díẹ̀ nínú ojúsàájú tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣe, àwọn ológun ìbá ti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, tàbí kí ogun ti bẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi gbòde pé bíṣọ́ọ̀bù ń pe àwọn ológun kí wọ́n wá gbàjọba. Alhaji Lai Mohammed tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà fèsì. Jama'atu Nasril Islam náà fèsì. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2021, ẹgbẹ́ kan ní Sókótó, Muslim Solidarity Forum, ní kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo Mùsùlùmí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó rọra kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Ó wá di pé ilé iṣẹ́ ààrẹ, tí bíṣọ́ọ̀bù náà bú, ló tún jáde sọ pé òfin Nàìjíríà kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni lé e. Kukah ní tirẹ̀ sọ pé òun kò pe ológun kankan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A ò gba gbogbo ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù náà. Fífa orúkọ ẹ̀sìn wa wọ inú ojúsàájú olóṣèlú kan dùn wá, Mùsùlùmí tó bá sì bínú sí i kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn pé ó ní kí ṣọ́jà wá gbàjọba, ẹ̀sùn mìíràn nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ fi kàn án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà tán. Àyah kẹjọ nínú Sūratul Mā'idah kọ́ wa pé ìkórìíra tí a ní sí àwọn èèyàn kan kò gbọdọ̀ sún wa débi tí a ò fi ní ṣe déédéé sí wọn.

Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan ilé tiwa. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àbújá lọ sí Kàdúná. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọgbó. Ní ọjọ́ Jimọ̀ tó tẹ̀ lé e, tó kù ọ̀la kí ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀, Sheikh Muhammad Nuru Khalid, lemọ́mù àgbà mọ́sálásí tó wà ní àgbègbè ilé àwọn aṣòfin ní Apo, l'Ábújá, bá ìjọba wí lórí mínbárì. Kókó ohun tó sọ ni pé bí ìjọba bá dáàbò bo ẹ̀mí àwọn èèyàn, wọn yóò jáde dìbò ní 2023. Bí wọ́n bá jẹ́ kí wọ́n máa pa wọ́n, wọn kò ní jáde. Èyí tó dé etí ọ̀pọ̀ nínú wa lórí wátsáàpù kò ju pé lemọ́mù ní kí ará ìlú má dìbò. Ìgbìmọ̀ mọ́sálásí náà, tí Sẹ́nétọ̀ Saidu Dansadau jẹ́ alága rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ru ará ìlú sókè. Wọ́n kọ́kọ́ ní kó lọ rọ́kún nílé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Kì í ṣe àkọlé ìròyìn ló gba ipò lọ́wọ́ lemọ́mù; àwọn ìgbìmọ̀ mọ ohun tó sọ. Ohun tí àkọlé ṣe ni pé ó mú àwa yòókù máa jiyàn lórí bóyá ó tọ́ kí aáfàá dá sí ọ̀rọ̀ ìbò, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé àwọn tó wà nínú igbó. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n tó tú àwọn tó kù nínú wọn sílẹ̀.

Ẹni tó bá kọ́ náhàwù yóò rántí "law" àti "in". "Law" wà fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀, "in" wà fún ohun tó lè ṣẹlẹ̀. "Law" ni ọ̀rọ̀ Kukah, "in" ni ti Nuru Khalid. Yorùbá tiwa náà ní wọn: "ìbá" ti ọ̀kan, "bí ó bá" ti èkejì. Ọ̀rọ̀ kékeré ni wọ́n, àwọn sì ni àkọlé ìròyìn máa ń kọ́kọ́ gé dànù. Ẹni tó ń kọ àkọlé lè má gbọ́ ìwáàsù náà rárá. Oníròyìn mìíràn ló lọ, ó túmọ̀ rẹ̀ láti èdè kan sí òmíràn, ó fi ránṣẹ́. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì mọ̀ pé owó ìpolówó ọjà ń tẹ̀ lé iye èèyàn tó bá ṣí ìròyìn náà, "bí ó bá" kì í sì í mú èèyàn ṣí ìròyìn. Lẹ́yìn èyí ni èsì á bẹ̀rẹ̀. Mínísítà fèsì, ìròyìn kan nìyẹn. Ẹgbẹ́ fèsì sí i, òmíràn nìyẹn. Tí yóò bá fi tó ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń jà kò mọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mọ́.

Ti àwọn olórin yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ìbínú wa gan-an ló máa ń bá wọn polówó. Nígbà tí Falz gbé "This Is Nigeria" jáde ní 2018, tí àwọn ọmọbìnrin tó wọ híjáàbù ń jó nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ MURIC fún un ní ọjọ́ méje kó fi kó o kúrò nílẹ̀. Falz ní àwọn ọmọ Chibok ni òun fi wọ́n ṣàpẹẹrẹ. Òótọ́ ni pé híjáàbù kì í ṣe aṣọ ijó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí kò mọ orin náà tẹ́lẹ̀, ibi ìjà yẹn ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 náà, NBC ní kí rédíò àti tẹlifíṣàn má gbé orin Eedris Abdulkareem, "Tell Your Papa", sáfẹ́fẹ́. Òun náà ni wọ́n fòfin de "Jaga Jaga" rẹ̀ láyé Ọbásanjọ́. Ní 2004, òfin yẹn ṣì lè dí orin lọ́nà. Lónìí, inú fóònù ni orin wà, ọwọ́ NBC kò sì tó ibẹ̀.

Àyah kẹfà Sūratul Hujurāt pàṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn tí ẹni tí kò ṣe é gbára lé bá mú wá, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn èèyàn ní jàǹbá. Ọ̀pọ̀ onítafúsíìrì ní orí Walīd ọmọ 'Uqbah ló ti sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán lọ gba sàká lọ́wọ́ ìran Banū Mustaliq. Ó rí i tí wọ́n ń jáde bọ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì padà wá sọ pé wọ́n kọ̀, wọ́n sì fẹ́ pa òun. Díẹ̀ ló kù kí ogun bẹ́. Wọ́n kàn jáde wá pàdé rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gbé fídíò ìṣẹ́jú kan wá pé "ẹ gbọ́ ohun tí aáfàá yìí sọ", ẹ bi í léèrè ibi tí odindi rẹ̀ wà. Ọjọ́ wo ni wọ́n ká a? Èdè wo ni aáfàá náà fi sọ ọ́, ta ló sì túmọ̀ rẹ̀? Kí ló sọ ṣáájú? Bí kò bá sí èsì, kí fídíò náà dúró sínú fóònù yẹn. Ti pásítọ̀ náà ń kọ́? Ìbéèrè kan náà ni.

Àwa tí a ń gun mínbárì ní tiwa kò lè máa bú oníròyìn nìkan. Àwọn kan nínú wa mọ̀ pé fóònù ń ká ohùn wọn, wọ́n sì ń wá gbólóhùn tí yóò gbòde. Bí ìdìbò 2027 ṣe ń bọ̀ yìí, kútúbà tó bá kan ìjọba, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gorí mínbárì, kí mọ́sálásí sì gbé odindi rẹ̀ sórí Facebook lọ́jọ́ Jimọ̀ náà, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá gé e lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ayé yóò rí ibi tó ti gé e.