Ìpíndọ́gba Nìkan Kò Tó

Àwọn baba wa máa ń wí pé ìka kò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìṣirò pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé àgbẹ̀ kan ra èbù iṣu ní Ọ̀yọ́, ó ra òmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì gbin méjèèjì sí oko kan náà. Nígbà tí iṣu ta, ó wọn mẹ́sàn-án nínú ti Ọ̀yọ́: mẹ́ta jẹ́ kílò 4, mẹ́ta jẹ́ 5, mẹ́ta sì jẹ́ 6. Mẹ́ta péré ni ó wọ̀n nínú ti Ògbómọ̀ṣọ́: kílò 4, 9 àti 11. Ìpíndọ́gba ti Ọ̀yọ́ jẹ́ 5. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ 8. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó yá owó láti fi ra èbù Ògbómọ̀ṣọ́ kún oko rẹ̀?

Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó wo ìfọ́nká, èyí ni bí àwọn iṣu náà ti jìnnà sí ìpíndọ́gba wọn tó. A ó wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iṣu kọ̀ọ̀kan àti ìpíndọ́gba, a ó fi ìyàtọ̀ náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi iye iṣu tí a dín ọ̀kan kù pín in. Ti Ọ̀yọ́ jẹ́ 0.75, ti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ 13.

Ní 1908, William Gosset, òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí Guinness ní Dublin, kọ̀wé lórí irú ìdánwò yìí. “Student” ni ó pe ara rẹ̀. Ọ̀nà tí a gbé ka orí iṣẹ́ rẹ̀ láti fi ẹgbẹ́ méjì wéra máa ń po ìfọ́nká méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Níhìn-ín, iṣu Ọ̀yọ́ tí ó pọ̀ tí ó sì jọra yóò bo àìdọ́gba ti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́lẹ̀, a ó sì gbà pé èyí dára jù.

Ní 1947, B. L. Welch fi ọ̀nà mìíràn hàn: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ru ẹrù tirẹ̀. Fi 9 pín 0.75, fi 3 pín 13, kí o sì ro wọ́n pọ̀: ó di 4.42. Iye tí ó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí ó fi tó bẹ́ẹ̀ ni 2.1. Fi í pín kílò 3 tí ó wà láàárín ìpíndọ́gba méjèèjì, èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.4. Èsì náà ìbá ju 4 lọ kí a tó lè fọkàn tán an.

Èyí kò wí pé èbù Ògbómọ̀ṣọ́ kò dára. Ohun tí ó wí ni pé ẹ̀rí kò ì tíì tó. Kí àgbẹ̀ náà wọn iṣu púpọ̀ sí i kí ó tó tọrùn bọ gbèsè.