Èkejì Ọmọ Tí A Sin Sí Fọlá Agoro

Èmi ni mo gbé ibi ọmọ náà délé. Inú ọ̀rá dúdú ni nọ́ọ̀sì dì í sí. Mo gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti ilé ìwòsàn títí dé Fọlá Agoro, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ó má jò sí mi láṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bí ọkùnrin. Ìyá wa àgbà ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: kò sí ilẹ̀ láti gbẹ́. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa yìí, láàárín Ṣómólú àti Bárígà, mọ̀ pé kọnkéré ti bo àgbàlá tán. Ẹ̀yìn ilé ìdáná nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ni iyẹ̀pẹ̀ ṣì ti hàn. Ibẹ̀ la sin ín sí. Ìyá àgbà ní ibi tí a bá sin èkejì ọmọ sí ni ọmọ yóò máa pè ní ilé, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta, a ṣàkíyèsí pé bí ó bá ń sunkún, ètè rẹ̀ a máa ṣú bí aró. Àyẹ̀wò fi hàn pé Tetralogy of Fallot ló ń bá a fínra. Ihò wà láàárín yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì nínú ọkàn rẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró há, iṣan ńlá tó ń pín ẹ̀jẹ̀ fún ara jókòó sórí ihò náà gan-an, ẹran ara ọkàn lápá ọ̀tún sì ki ju bó ti yẹ lọ. Dókítà bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ni mi ò gbàgbé: “Ìyá ọmọ, báwo ni ibi ọmọ yìí ṣe rí? Ṣé wọ́n wọ̀n ọ́n? Iṣan mélòó ni wọ́n kà nínú okùn ìwọ́ rẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi. Èmi tí mo gbé e lé itan, ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ.

Ìbéèrè yẹn ló lé mi sídìí ìwé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń pe ibi ọmọ àti ibi tí à ń gbàdúrà kó má bá wa, bóyá ìdí nìyẹn tí a fi máa ń kánjú bò ó mọ́lẹ̀. Àmọ́ àwọn tó pè é ní èkejì ọmọ kò ṣìnà rárá. Kì í ṣe ẹ̀yà ara ìyá gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wa ti rò. Inú ẹyin kan náà tó di ọmọ ni púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ti wá. Bí oṣù bá pé, ó máa ń tó ìdajì kílò. Òun ni ẹ̀dọ̀fóró ọmọ inú oyún, òun ni kíndìnrín rẹ̀, òun náà ni olóúnjẹ rẹ̀. Okùn ìwọ́ tó so wọ́n pọ̀ ní iṣan mẹ́ta: méjì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ wá, ọ̀kan ń dá a padà lẹ́yìn tó bá ti gba oúnjẹ àti ọ́síjìn. Bí wọ́n bá ka méjì péré, ó yẹ kí wọ́n yẹ ọkàn àti kíndìnrín ọmọ náà wò.

Àsìkò kan náà ni ọkàn àti ibi ń dàgbà, ní ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ oyún nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ sínú ibi, ibi ń bọ́ ọkàn. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí kan gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n yẹ oríṣi eku tó lé ní 100 wò, àwọn tí àbùkù inú àbùdá ń ṣe ìpalára fún ọmọ wọn nínú oyún. Wọ́n bá àbùkù nínú ibi púpọ̀ nínú wọn, àwọn tí ibi wọn bàjẹ́ sì sábà máa ń ní àbùkù nínú ọkàn, ọpọlọ àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, inú ibi gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti ọmọ ènìyàn, àwọn dókítà ṣì ń jiyàn lórí èwo ló kọ́kọ́ ṣàìsàn nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ló bà mí lẹ́rù jù. Nínú oyún tó dára, ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ́síjìn láti inú ibi máa ń gba ẹnu ọ̀nà kékeré kan kọjá láti apá ọ̀tún ọkàn sí apá òsì, kí ó lè kọ́kọ́ dé orí. (Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu, àwa tí a ń fi orí ṣáájú.) Bí ọkàn bá ní àbùkù ńlá, ètò yìí lè dàrú. Bí àpẹẹrẹ, bí iṣan ńlá méjèèjì bá gba ipò ara wọn, ẹ̀jẹ̀ tó dára jù yóò lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tí kò tíì nílò rẹ̀, àjẹkù ni yóò dé ọpọlọ. Ní ọdún 2009, àwọn dókítà ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn tí apá òsì ọkàn wọn kò dàgbà. Oṣù àwọn ọmọ náà ti pé kí a tó bí wọn, síbẹ̀ ọpọlọ wọn fi nǹkan bí oṣù kan kéré sí ọjọ́ orí wọn, kí ọ̀bẹ tó kàn wọ́n rárá.

Mi ò sọ pé gbogbo ọmọ tó ní àbùkù ọkàn ni yóò pẹ́ kó tó já fáfá o. Nínú ọmọ 100 tí a bí láyé, nǹkan bí ọ̀kan ló ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ń kàwé bí ẹgbẹ́ wọn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọkàn nìkan la máa ń bójú tó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ọdún méjì, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ètè rẹ̀ sì pọ́n báyìí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta, kò sì tíì sọ tó ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ máa ń gbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè iye ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀. Àwọn aládùúgbò ní ọkùnrin a máa pẹ́ sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2012 ni ẹgbẹ́ American Heart Association ti gba àwọn dókítà níyànjú pé kí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò ìdàgbàsókè irú àwọn ọmọ yìí lóòrèkóòrè, kí ìrànlọ́wọ́ lè tètè dé. Oṣù tó kọjá la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, “Ṣé èmi ni mo fà á?” Ẹnì kan nínú ilé ti sọ fún wọn pé a kò sin ibi náà jìn tó. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin kọ́.” Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ, dókítà kò rí ohun kan pàtó tọ́ka sí. Òótọ́ ni pé ìtọ̀ ṣúgà tí a kò kápá, tàbí àrùn rubella ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, lè dá kún un. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní èyíkéyìí. Ibà tiwa yìí náà máa ń sá pamọ́ sínú ibi, kò sí ẹni tó sọ pé òun ló ń fa àbùkù ọkàn, àmọ́ ó ń dín oúnjẹ ọmọ kù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún aláboyún ní oògùn rẹ̀ láti oṣù kẹrin lọ.

Wọ́n tún ti lóyún báyìí. Wọ́n ti ya àwòrán ọkàn ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ 20, ó sì dára. Nínú ìwé tí wọ́n kọ ẹrù ọjọ́ ìkúnlẹ̀ sí, lábẹ́ ìlédìí àti ọṣẹ, ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ gàdàgbà pé: kí wọ́n wọn ibi, kí wọ́n ka iṣan ìwọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì. Mo ka ìwé náà fún ìyá àgbà. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n tán, kí n rí i pé mo gbà á padà wá sílé.